Ta Ni Ó Ni Ilé Gogoro?

Ọmọ tí a bí sí Èrìjìyàn-Èkìtì kò ṣàjèjì sí ohun tí à ń pè ní gíga. Òkè ni ó yí i ká. Bí ó bá kọjú sí ọ̀nà Ìkógòsì, òkè ni. Bí ó bá wo apá Ẹ̀fọ̀n, òkè ni. Ṣùgbọ́n òkè tí Ọlọ́run dá kì í mú kí ọmọdé béèrè ẹni tí ó ni ín. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, tí ó dúró ní Dùgbẹ̀, tí ó gbé ojú sókè títí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀, ni yóò tó rí òkè tí ọmọ aráyé fi ọwọ́ ara wọn mọ. Ìbéèrè tí yóò sì kọ́kọ́ bi bàbá tàbí olùkọ́ tí ó mú un lọ ni pé: “Ta ni ó ni ilé yìí?”

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ojú àwọn ìlú ńlá wa ń yí padà kíákíá. Ní Èkó, láti Marina dé Ìkòyí, àti lórí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ òkun tí wọ́n pè ní Eko Atlantic, ilé alájà púpọ̀ ń yọ orí jáde. Bí àwọn ilé náà ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn ń pọ̀ sí i láàrin ará ìlú. Àwọn kan ń yọ̀, àwọn kan ń kùn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe òní ni gíga ilé ti ń mú ọ̀rọ̀ wá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé àwọn baba wa, kọ̀bì tí ó yọ síta lára ààfin jẹ́ àmì ọba. Olówó lè fẹ agbo ilé rẹ̀ lójú bí agbára rẹ̀ ti mọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ilé figagbága pẹ̀lú ààfin. Lẹ́yìn náà ni àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ CMS parí ilé wọn ní Àgbádárìgì ní 1845, èyí tí a ń kà sí pètẹ́ẹ́sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà bọ̀ kọ́ tiwọn sí Èkó, ọgbọ́n wọn sì tàn dé ilẹ̀ òkè. Nígbà tí kòkó di owó ní Èkìtì, páànù rọ́pò koríko, pètẹ́ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàrin àwọn ilé alámọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lè béèrè pé, “Ilé ta ni èyí?” kò sì sí ọmọdé tí kò lè dá a lóhùn. Ìlú mọ onílé, wọ́n mọ oko tí owó rẹ̀ ti wá, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó ṣí i.

Ohun tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ lóde òní ni pé ilé ti ga ju kí ìlú mọ onílé lọ.

Ìhà kìíní ni ti àwọn tí ń yọ̀. Àwọn wọ̀nyí sọ pé ilé gíga jẹ́ ẹ̀rí pé a kò kẹ́yìn. Wọ́n rán wa létí pé ní Chicago ní Amẹ́ríkà, ilé alájà 10 kan tí a fi irin ṣe egungun rẹ̀, tí a kọ́ ní 1885, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé gogoro ní ayé. Kí irú rẹ̀ tó lè wúlò, ọmọ aráyé ti ní láti rí lífíìtì tí kò ní já lulẹ̀ bí okùn rẹ̀ bá tilẹ̀ já. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe idán. Wọ́n tún sọ pé ilẹ̀ kì í fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ènìyàn ń pọ̀ sí i. Ìlú tí kò bá fẹ́ ga, fífẹ̀ ni yóò máa fẹ̀. Bí ó bá sì ti ń fẹ̀, oko ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó bá ti rí bí Ìbàdàn ti gbé àwọn oko àyíká rẹ̀ mì kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ wá lára, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Cocoa House, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ó kọ́ ọ. A ṣí i ní 1965. Àjà 26 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105, èyí ni pé àjà kọ̀ọ̀kan gba bí mítà 4. A kà á sí ilé tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀bùn òyìnbó, kì í ṣe owó epo ilẹ̀. Kòkó àti àwọn irè oko mìíràn ni owó rẹ̀ ti wá. Ìtàn fi yé wa pé Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ọ́. Ta ni yóò gbọ́ èyí, tí orí rẹ̀ kò ní wú?

Orí tiwa náà wú. Ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ìhà kejì, àwọn tí ń kùn.

Àwọn wọ̀nyí béèrè pé: bí ó bá jẹ́ ilé àwọn àgbẹ̀ ni, kí ni àgbẹ̀ rí nínú rẹ̀? Láti dá wọn lóhùn, a ní láti tọ ipasẹ̀ owó náà. Àgbẹ̀ Èrìjìyàn, bí ti Ìjerò àti ti Arámọkọ, a ká kòkó rẹ̀, a fọ́ ọ, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà, a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Àwọn tí ń yẹ kòkó wò a sọ bí ó ti dára tó, àwọn tí ń rà á a sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n iye tí àgbẹ̀ gbà kì í ṣe iye tí kòkó náà pa ní London. Láti 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó sílẹ̀. Ní 1954, Ìwọ̀-Oòrùn ní tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà a dá iye kan fún àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kòkó, a sì lọ tà á fún àwọn ará òkèèrè ní iye tí ó bá bọ́ sí. Bí ti òkèèrè bá ga ju ti ilé lọ, èrè di ti ìgbìmọ̀. Èrò tí a kọ́kọ́ gbà ni pé èrè ọdún tí ó dára ni a óò fi gbe àgbẹ̀ ní ọdún tí ọjà bá kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó náà pọ̀, àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe iṣẹ́ ìlú.

Kí a má purọ́, iṣẹ́ náà hàn. Ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 wọ inú abúlé dé ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí ni ó jẹ́ pé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ni ó la ojú àwọn òbí yín, òun ni ó sì jẹ́ kí ẹ̀yin náà lè di olùkọ́. Àwọn àgbà wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjọba tí ó kọ́ ọmọ kí ó tó kọ́ ilé gogoro ti mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú.

Síbẹ̀, a kò ní sọ ìdajì ìtàn kí a sì pè é ní odindi. Ní 1962, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Coker jẹ́ alága rẹ̀ jókòó láti wádìí bí a ti ná owó àwọn àjọ Ìwọ̀-Oòrùn, owó kòkó sì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, nítorí pé owó orí wúwo, iye tí wọ́n ń gbà lórí kòkó sì kéré. A kò mẹ́nu ba èyí láti bu ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí a ṣí ilé tí a fi owó àgbẹ̀ kọ́, àgbẹ̀ kan náà ń bínú ní ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú tí ilé náà wà. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ilé gíga. Wọ́n sanwó, kò sì sí ẹni tí ó jíhìn fún wọn bí ó ti yẹ.

Àwọn tí ń kùn kò sì dá wà ní ilẹ̀ wa nìkan. Ní Ivory Coast, orílẹ̀-èdè tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ayé, Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́ ilé ìsìn ràgàjì kan sí ìlú rẹ̀, Yamoussoukro, èyí tí a yà sí mímọ́ ní 1990, ní àkókò tí owó kòkó ti já wálẹ̀ gidigidi. Títí di òní, bí ẹnìkan bá yìn ín, ẹlòmíràn a béèrè ohun tí àgbẹ̀ rí jẹ ní ọdún náà. Ayàwòrán ilé náà, Pierre Fakhoury, ni ó tún ya àwòrán ilé gogoro tí wọ́n pè ní Tour F ní Abidjan, èyí tí a ṣètò pé kí gíga rẹ̀ lé ní mítà 400. Ìlọ́po mẹ́rin Ilé Kòkó ni! Ìbéèrè àgbẹ̀ kò tíì yí padà.

Ìdáhùn wo ni a ní fún ìhà kejì yìí? Èyí ni. Ní 1976, nígbà tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, a kó àwọn ohun-ìní àjọni sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ tí a pè ní Odù'a, Ilé Kòkó sì wà lára wọn. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, Èkìtì náà di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ín. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí, òfin ni. Ilé-iṣẹ́ náà a máa san èrè fún àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè tí ó wọ àpò ìpínlẹ̀, tí ẹni tí ó wà ní Èrìjìyàn kò gbúròó rẹ̀, kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí èrè tí a kò san. Onílé tí kò mọ iye tí àwọn ayálégbé ń san, irú onílé wo ni?

Ohun tí ó bá sì jẹ́ ti gbogbo ayé, tí kò sí ẹni tí ń bojú tó o, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1985, iná jó Ilé Kòkó. Ó di 1992 kí a tó tún un ṣe tán, kí a sì tún un ṣí. Ọdún méje gbáko ni àjà 26 fi dúró ní Dùgbẹ̀ bí òpó tí a ti yọ orùlé kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé pètẹ́ẹ́sì bàbá ẹnìkan ni ó jó ní Èrìjìyàn, ẹbí ìbá ti pe ìpàdé kí eérú tó tutù. Ta ni ó pe ẹbí àwọn tí ó ni Ilé Kòkó?

Ìhà kẹta ni ti àwọn tí ẹ̀rù ń bà, ọ̀rọ̀ wọn ni ó sì wúwo jù. Ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ tí ó ń bọ̀, báwo ni lífíìtì rẹ̀ yóò ti ṣe? Omi tí kò lè gun àjà kejì láìsí ẹ̀rọ, báwo ni yóò ti dé àjà 20 ní ọjọ́ iná? Ní 1983, iná jó ilé àjọ tẹlifóònù alájà 32 tí ó wà ní Marina ní Èkó, èyí tí a parí ní 1979. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì, àwọn ọmọ kéékèèké sì kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Àwọn lébìrà, àwọn tí ń ta oúnjẹ, àti àwọn tí ó wá wá iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù ní irú ibi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn tí ìbá gbé inú rẹ̀. Àwọn òbí wọn sì lè wà ní Èkìtì tàbí ní ibikíbi. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ilé kì í ṣàdédé wó. A lè kọ́ ọ sí ilẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò. A lè fi iyanrìn rẹ́ sìmẹ́ńtì jẹ, kí irin sì tín-ín-rín ju bí ẹnjiníà ti kọ ọ́ lọ. A lè gba àṣẹ àjà díẹ̀ kí a sì kọ́ púpọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ kí ó dá iṣẹ́ dúró sì lè jókòó sí ọ́fíìsì kí ó buwọ́ lùwé. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́, kí sìmẹ́ńtì tó dé: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ rántí ìgbà tí wolé-wolé ń wọ agboolé, tí ó ń yọjú sínú ìkòkò omi ìyá arúgbó nítorí ìdin ẹ̀fọn, tí ó sì ń mú un lọ sí kóòtù. Orílẹ̀-èdè tí ó lè yẹ ìkòkò arúgbó wò, kò yẹ kí ó máa gba iwájú ilé olówó kọjá láìwò ó.

A ti gbọ́ ti gbogbo wọn. Ìdájọ́ wa rèé. Àwọn tí ń yọ̀ kò jẹ̀bi, nítorí ìlú tí ń dàgbà gbọ́dọ̀ ga. Àwọn tí ń kùn kò jẹ̀bi, nítorí owó wọn ni. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà kò jẹ̀bi, nítorí ẹ̀mí wọn ni. Ohun tí ó so ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ìbéèrè ọmọ Èrìjìyàn. Ẹni méjì ni ó ni ẹ̀tọ́ láti béèrè nípa ilé gogoro: ẹni tí a fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, àti ẹni tí òjìji rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ní 1986 ni ìjọba àpapọ̀ pa àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ta irè oko rẹ́, nítorí náà púpọ̀ nínú ilé gogoro òde òní ni ó jẹ́ ti olówó aládàáni. Òun yóò sọ pé owó òun ni òun ń ná. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá wó, orí tirẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò wó lé. Òfin gbọ́dọ̀ dá a lẹ́kun.

Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Nígbà tí olùdíje bá tún gun orí pèpéle ní Èrìjìyàn tàbí ní Adó, tí ó ń ṣèlérí ilé ńláńlá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: Èló ni? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Níbo ni a óò ti máa ka ìṣirò owó rẹ̀ lọ́dọọdún? Bí kò bá ní ìdáhùn, òkè asán ni ó ń mọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kòkó orí ilẹ̀ wọn ni ó gbé ilé dìde ní Ìbàdàn. Ẹ fi gíga rẹ̀ ṣe ìṣirò, ẹ fi owó rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìtàn. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé òun ní ohun kan kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ gbá a sẹ́yìn nígbà tí a bá ń pín in.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ Èrìjìyàn mìíràn yóò tún dúró ní Dùgbẹ̀, tí yóò gbé ojú sókè, tí yóò sì béèrè pé, “Bàbá, ta ni ó ni ilé yìí?” Kí bàbá rẹ̀ má wo ilẹ̀. Kí ó dá a lóhùn pé, “Àwa ni a ni ín, ọmọ mi.” Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ́ ọmọ náà bí ó ti yẹ, yóò tún béèrè ìkejì, bàbá yóò sì ní láti múra sílẹ̀ fún un: “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, nígbà wo ni wọ́n jíhìn fún yín kẹ́yìn?”